Ẹyin Tí Oníbúrẹ́dì Kò Jẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló tú ìfẹ́ Télọ̀ àti Oníbúrẹ́dì ká, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé owó ni, ẹ má sì sọ pé obìnrin mìíràn ló já wọ àárín wọn. Imú ni. Imú lásán tí Ọlọ́run lẹ̀ mọ́ ojú gbogbo wa, òun ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in báyìí o, torí tó bá yá, ẹ̀rín ò ní bá ọ̀rọ̀ yìí mu mọ́.

Wá-Lọ́la ni gbogbo àdúgbò ń pe Télọ̀. Kò sí aṣọ tí wọ́n gbé fún un tí kì í ní kí ẹni tó ni ín wá lọ́la, bí ọ̀la bá sì dé, á tún dá ọ̀la mìíràn. Síbẹ̀ wọn ò lè fi í sílẹ̀, torí tí aṣọ náà bá jàjà jáde, ṣe ló máa ń bá ara mu rẹ́gí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé.

Oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀, ìparí òpópónà yẹn ni béékìrì rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ohun tó fi sílẹ̀ fún àkọ́bí rẹ̀ ni ààrò búrẹ́dì kan, ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn, àti àbúrò mẹ́ta tí wọ́n wà nílé ìwé. Ọmọbìnrin náà ò sunkún títí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ti ọwọ́ bọ fúláwà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta ló gbé wá kí Télọ̀ bá òun rán lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Tààràtà láti ìdí ààrò ló ti wá, fúláwà ti kùn ún láti orí dé ọrùn, ó dé ìpéǹpéjú.

Télọ̀ wò ó, ó dìde kúrò nídìí maṣíìnì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú àgbà o, Màmá."

"Ta ni màmá rẹ?"

"Irun ojú yín funfun báyìí, mo rò pé ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti sín, ó sín lẹ́ẹ̀kejì, ó sín lẹ́ẹ̀kẹta, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nímú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ojú sì tì í. "Má bínú. Bí imú mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Télọ̀ ṣa àjákù aṣọ tó mọ́ jù lọ nínú agbọ̀n rẹ̀, ó nà án sí i. Àjákù aṣọ yẹn ló kó bá a. Bó ṣe ń fi í nu imú ló ń fi ojú tó pọ́n wò ó lókè rẹ̀, tí ojú náà sì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn Télọ̀ kúrò lára aṣọ lọ́jọ́ náà.

"Ìgbà wo ni kí n padà wá?"

Ọ̀la ti dé orí ahọ́n Télọ̀ kó tó gbé e mì. "Ìrọ̀lẹ́ òní."

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti sípì. Oníbọ́tìnnì là ń pè é. Nígbà tó rí i pé wọ́n gbé aṣọ mẹ́ta wá láàárọ̀, aṣọ mẹ́ta sì jáde nírọ̀lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ gbà mí o! Wá-Lọ́la parí aṣọ lọ́jọ́ kan! Àìsàn wo ló ń ṣe ọmọ yìí?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, mà."

"Ó wà ńbẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹ̀, mo mọ ilé ẹ̀, mo tún mọ iye tó ń ta búrẹ́dì."

Bó ṣe fi ara rẹ̀ ṣe alárinà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á gbé ìkíni Télọ̀ lọ, tó bá ń bọ̀, á gbé èsì bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọn ò gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó bi mí bóyá ẹlẹ́tàn ni ọ́," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní o máa ń parọ́ ọjọ́ aṣọ. Mo ní yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ."

Kó tó di oṣù mẹ́ta, ìfẹ́ ti gbilẹ̀. Tí búrẹ́dì bá ti jáde tán lọ́sàn-án, ọmọbìnrin náà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, Télọ̀ á máa tẹ maṣíìnì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí ò ní orí tí ò ní ìdí. Télọ̀ fẹ́ràn bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo nǹkan wò, ìrọ̀rí ni o, aṣọ ni o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Télọ̀ gan-an ni o, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti jinná. Ní ti imú yẹn, ó ti mọ́ ọn lára. Tó bá ti ń gbọ́ sísín láti ọ̀nà jíjìn, inú rẹ̀ á dùn, ó mọ̀ pé olólùfẹ́ òun ló ń bọ̀.

Ìgbà tó mú un lọ rí ìyá rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Aṣọ ilé mẹ́fà ló ń fọ̀ láti fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ó rí i pé ọkọ náà ń fọn imú, ó ń wúkọ́, ó sì béèrè. Ẹ̀rín ni àwọn ará ilé ọkọ fi dá a lóhùn, wọ́n ní, "Ọ̀fìnkìn lásán ni, ìyàwó, á lọ." Kò lọ o. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n sì ti mọ̀ kí wọ́n tó gbé e níyàwó. Télọ̀ ò tíì pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú. Láti ọjọ́ náà, nǹkan méjì ni ìyá yìí ò lè fara dà láyé: imú tó ń da omi, àti ẹnu tó ń parọ́ nípa àìsàn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó tọ́jú oúnjẹ. Ó dín ẹyin, ó dín ẹja, ó po tíì tí mílíìkì ki nínú ẹ̀, ó bu ẹ̀pà sínú àwo kékeré. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá láti béékìrì, kò tiẹ̀ yà sílé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó tú ìborí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó tún un wé, ó wá jókòó. Wọn ò tíì jẹun dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó sín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ó ti tó ìgbà wo tí èyí ti ń ṣe ọ́?"

"Á tó bí ọdún mẹ́ta, mà."

"Ṣé ikọ́ wà níbẹ̀?"

"Rárá o, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá!" ni Télọ̀ ké.

"Dákẹ́. Èmi àti ẹ̀ là ń sọ̀rọ̀." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọmọbìnrin náà, ó wo imú rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìgbà tí o fi oúnjẹ kan ẹnu ló bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ni. Ara àwọn kan máa ń kọ oúnjẹ."

Ìrètí wà nínú ohùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe àyà. Ó fẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ tọkàntọkàn, bí ẹni tó sọ nǹkan nù ṣe ń fẹ́ kó wà nínú àpò tí òun ò tíì yẹ̀ wò.

"Ọmọ mi, gbọ́. Wá èyí tí ara rẹ kọ̀, kí o fi í sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí imú yìí bá gbẹ, ọwọ́ ara mi ni màá fi fà ọ́ wọlé yìí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Má parọ́ fún mi."

"Mi ò ní parọ́ fún yín, mà."

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí dókítà nílùú ni. Ó wà. Àmọ́ ta ló ń gbé imú lọ sílé ìwòsàn? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò gbé e lọ rí.

Mílíìkì ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Oṣù kan kọjá, imú ò gbọ́. Ó fi ẹja sílẹ̀. Imú ò gbọ́. Ó fi ẹ̀pà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sì tún gbé èyí tó ti fi sílẹ̀ padà sẹ́nu, ó ní ẹni tí kò tíì mọ ọ̀tá rẹ̀ kì í pe ẹni tó ti lé jáde padà wálé. Lóṣooṣù ni Télọ̀ ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, torí ó fẹ́ rán aṣọ kan fún un. Ìbàdí rẹ̀ tó jẹ́ ogójì íǹsì di méjìdínlógójì, ó di mẹ́rìndínlógójì.

"O ti ń joro," ni Télọ̀ wí, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá sọ pé atẹ́gùn ló ń dà mí láàmú, màá fi mímí sílẹ̀ nítorí rẹ." Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó ku díẹ̀ kó jinná."

Ẹyin ló kù. Ẹyin sì ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ẹyin sísè méjì láàárọ̀, lórí ìdúró, lójú ààrò, òun ló ń gbé e dé ọ̀sán. Ó fi ẹyin náà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀yìn ààrò béékìrì wó lulẹ̀, bíríkì dà sílẹ̀ lórí búrẹ́dì. Bíríkìlà wò ó, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti ilẹ̀kùn béékìrì pa. Oníbúrẹ́dì sunkún lọ sílé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn èyí, imú gbẹ.

Ó sáré já sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó fi imú kan ọrùn rẹ̀. "Ọṣẹ! Mo ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tí o fi wẹ̀! Télọ̀, mo ń gbóòórùn rẹ! Mi ò mọ̀ pé báyìí lo ṣe ń rùn."

"Ṣé mò ń rùn ni?"

"O ń ta sánsán ni, akúrí!"

Télọ̀ gbá a mọ́ra lójú gbogbo ayé. Oníbọ́tìnnì fi ọwọ́ bo ojú, àmọ́ ó ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè ríran. Ìyá Télọ̀ náà ò yẹ àdéhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó fà á wọlé, ó ń sunkún, ó sì ń wí pé, "Ẹyin! Ẹyin ni ọ̀tá wa látọjọ́ yìí!" Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ẹbí méjèèjì máa jókòó papọ̀, Sátidé, ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí i.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn ò rí i. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń wò, torí òun ni wọ́n ti ń wá láti oṣù mẹ́rin.

Wọ́n tún ààrò ṣe tán. Oníbúrẹ́dì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń ṣe ìlọ́po méjì kí àwọn oníbàárà tó ti ṣí lọ lè padà. Lọ́jọ́ kejì, imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Lọ́jọ́ kẹta, ó sín. Ẹ̀rù bà á débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní otútù ni. Ó ní á lọ. Ó ń bẹ imú rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọba. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó.

Sátidé dé. Yàrá kún. Ẹ̀gbọ́n ìyá Télọ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn, ló dìde gbàdúrà. Kò tíì dé ìdajì tí Oníbúrẹ́dì fi sín. Ó di imú mú. Ó tún sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ìyá Télọ̀ sì kà á, torí nígbà tí gbogbo ojú dì, ojú tirẹ̀ là.

Àmín ò tíì tán lẹ́nu wọn tó fi sọ̀rọ̀. "Ìgbà wo ló padà?"

Ọmọbìnrin náà fi etí ìborí rẹ̀ nu imú.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án, mà."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi pa á mọ́ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, mà."

"O jẹ ẹyin."

"Mi ò jẹ ẹyin, mà."

"Ẹyin lò ń fọ́ sínú fúláwà lójoojúmọ́. Ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ láti ìdájí. O wá fẹ́ kí n gbà pé o ò tọ́ ọ wò?"

"Mi ò tọ́ ọ wò, mà. Mo ṣèlérí fún yín."

Ìyá Télọ̀ dìde. "Ọ̀fìnkìn lásán ni, ìyàwó, á lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn. Mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láyé mi."

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti orí àga dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. "Ọmọ mi kì í parọ́," ló wí, kò sì wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jáde.

Télọ̀ sáré lé wọn dé ojú títì. Ìyá ń lọ níwájú díẹ̀díẹ̀, ọmọ dúró. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn Télọ̀ nígbà yẹn ni pé kó má pàdánù rẹ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Àmọ́ ó ti ń rò ó láti inú yàrá wá: ó fi ẹyin sílẹ̀, imú gbẹ, imú padà, a jẹ́ pé ẹyin padà. Kí tún ni ìbá jẹ́?

"Ó ku èmi àti ìwọ báyìí," ló wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò ní bínú. Kó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì ẹyin ni, màá mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Ìwọ náà?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Mo fi mílíìkì sílẹ̀. Mo fi ẹja sílẹ̀, mo fi ẹ̀pà sílẹ̀, mo fi ẹyin sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ lo fi ń wọn bí mo ṣe ń rù. Ìwọ tí ò ń parọ́ ọ̀la fún gbogbo ayé, o wá dúró sójú títì, ò ń bi mí bóyá mo jẹ ẹyin?"

"Imú rẹ ló ń sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi!"

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí òwe yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dáa, mo ti pa á. Bí Télọ̀ ṣe sọ ọ́ tán ló fẹ́ kó o padà, àmọ́ ọmọbìnrin náà ti yíjú. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó fi èjìká gbé apá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Kò wá sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Télọ̀ bẹ Oníbọ́tìnnì pé kó bá òun gbé ọ̀rọ̀ lọ, obìnrin yẹn kọ̀ jálẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wo? Ṣé o ti gbà á gbọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Nígbà tí o bá mọ̀, kí o wá pè mí."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀, kò mọ̀. Láàárọ̀ á ní ọmọbìnrin yẹn ò lè parọ́. Tó bá di ọ̀sán á ní, ṣebí ó pa ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́? Ẹni tó pa ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́ lè pa ẹyin kan mọ́. Ó ń ránṣọ, ó ń tú u. Àwọn oníbàárà ò tiẹ̀ bínú mọ́ tó bá ní kí wọ́n wá lọ́la, wọ́n ń káàánú rẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn níkẹyìn. Wọ́n gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì fún un rán, dókítà ibẹ̀ náà sì ní kó wá wọn òun fún kóòtù funfun. Obìnrin ni dókítà yìí, ó sì láwàdà. Ibi tí Télọ̀ ti ń wọn èjìká rẹ̀ ló ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Dókítà, ẹnì kan wà tí ẹyin máa ń jẹ́ kó sín, tí imú rẹ̀ á máa da omi."

"Kí ló tún máa ń ṣe é? Ṣé ètè rẹ̀ máa ń wú?"

"Rárá."

"Ara ńkọ́, ṣé ó máa ń yún un, kó lé sókè? Ṣé ó máa ń bì? Ṣé inú máa ń run ún?"

"Rárá, mà. Imú nìkan ni."

"Ta ló wá sọ fún yín pé ẹyin ni? Bí ara bá kọ oúnjẹ, awọ ara á sọ, ètè á sọ, ikùn á sọ. Imú lè bá wọn dá sí i lóòótọ́, àmọ́ kó jẹ́ pé imú nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ata lè mú kí imú ẹnikẹ́ni da omi, ìyẹn ò sì ní ká pè é ní àìsàn. Iṣẹ́ wo ni ẹni yẹn ń ṣe?"

"Béékìrì ni."

Dókítà yíjú sí i, téèpù sì bọ́ lọ́wọ́ Télọ̀. "Fúláwà ni. Kì í ṣe èyí tó ń jẹ, èyí tó ń fà símú lójoojúmọ́ ni. Mo ti rí irú ẹ̀ lára àwọn oníbúrẹ́dì. Kó wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá mi lójú o, àmọ́ mi ò rò pé ẹyin mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ó fi ẹyin sílẹ̀, imú rẹ̀ sì gbẹ."

"Kí ló tún yí padà lọ́sẹ̀ yẹn?"

Télọ̀ la ẹnu. Ó rí bíríkì lọ́kàn rẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. "Ààrò wó," ló wí.

"Sọ fún un kó tètè wá. Tí èèyàn bá wà nídìí ẹ̀ pẹ́, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wọ àyà."

Télọ̀ ò wọn kóòtù yẹn tán. Ó kọ́kọ́ sáré délé sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń fọṣọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́," ló wí. "Lọ. Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ fún un." Télọ̀ gba ojú títì lọ.

Búrẹ́dì ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èrò tò síwájú béékìrì. Ó tò sẹ́yìn wọn títí ó fi kàn án. Oníbúrẹ́dì wà lẹ́yìn tábìlì, ó so aṣọ mọ́ imú, ó ti rù sí i. Bó ṣe ń mí, nǹkan ń dún láyà rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Nígbà tó rí Télọ̀, ó fa aṣọ náà sílẹ̀ kúrò nímú.

"Fúláwà ni," ni Télọ̀ wí, ó ń mí gúlegúle. "Dókítà ló sọ ọ́. Kì í ṣe ẹyin rárá, kì í ṣe oúnjẹ. Fúláwà tí ò ń fà símú ni. Ìdí tó fi gbẹ nígbà tí ààrò wó nìyẹn."

"Mo ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe ẹyin."

"Ó ní kí o tètè wá. Ó ní ó lè wọ àyà."

"Ó ti wọ̀ ọ́." Ó gbé búrẹ́dì méjì fún obìnrin kan tó na ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Télọ̀, ó fún un ní ṣéńjì.

"Wá ká lọ. Kúrò níbí lónìí. Màá fẹ́ ọ, Màmá ń bọ̀ wá bẹ̀ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Kí n kúrò, ta ni á máa bọ́ àwọn tó wà nílé? Ó ku ọdún méjì kí èyí tó dàgbà jù nínú wọn jáde ilé ìwé."

"Èmi."

"Pẹ̀lú maṣíìnì kan?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àánú ló fi sọ ọ́. "Jẹ́ ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù márùn-ún, òun ni màá bi ọ́. Ká ní dókítà sọ pé ẹyin ni ńkọ́? Ká ní ó wò ọ́ lójú, ó ní kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe irú ẹ̀ àfi ẹyin. Ṣé o máa wá síbí lónìí?"

Télọ̀ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ló fẹ́ sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré tó o, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ bó ṣe ń wo ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé tí dókítà bá ti sọ pé ẹyin ni, kóòtù yẹn ni ì bá máa wọ̀n lọ, á parí iṣẹ́ rẹ̀, á gba ilé lọ, á sì máa sọ fún ara rẹ̀ títí ayé pé òun ṣáà ti mọ̀ pé ó jẹ ẹyin. Ó gbé ojú sórí búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wúkọ́ díẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí ìlà ò bá lọ.

"Ó dáa," ni Oníbúrẹ́dì wí. Inú ò bí i, ìyẹn gan-an ló sì pa Télọ̀. Ó fa aṣọ náà padà bo imú, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó bó ṣe ń wo gbogbo oníbàárà. "Búrẹ́dì mélòó ni kí n fún yín? Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín."

Télọ̀ ní ẹyọ kan. Ó sanwó, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì gbóná, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó kàn lè rí ààyè bọ́ síwájú.